Kòtò, bébà, àbí àwo oníhò 96? Ìfiwéra àwọn ọ̀nà tí a fi ń dán agbára ewé wò lórí kòkòrò àrùn

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹfinrin, orin ata, aáyù tàbí asúnwọ̀n òyìnbó ń pa kòkòrò àrùn ní láàbù kò ní rí ọ̀nà kan ṣoṣo tó bá gbogbo wọn mu. Òróró ẹfinrin máa ń fò lọ. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú aáyù kò fẹ́ iná. Omi asúnwọ̀n òyìnbó dúdú débi pé ojú kò lè là á kọjá, bẹ́ẹ̀ làpálàpá tí wọ́n fi ń wò jẹ́ iṣẹ́ olú, kì í ṣe ti bakitéríà. Bí a bá kó gbogbo wọn sórí ọ̀nà kan náà, ewé tó dára lè jáde bí ewé lásán, èyí tí kò tó nǹkan sì lè gba oríyìn. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ yan ọ̀nà kí ẹ tó ná owó lé ágà, ìyẹn oúnjẹ kòkòrò tó ń dì bí ẹ̀kọ.

Ewé wo ni, kí sì ni ẹ fi fà á?

Orúkọ tí ẹlẹ́wé ọmọ pè é lọ́jà kò tó. Asúnwọ̀n (Senna podocarpa) àti asúnwọ̀n òyìnbó (Senna alata) kì í ṣe ewé kan náà, àmọ́ wọ́n ń rọ́pò ara wọn nínú agbọ̀n. Ẹ gbé ẹ̀ka tó ní ewé àti òdòdó lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àpẹẹrẹ ewé, bí irú èyí tó wà ní FRIN (iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ti Nàìjíríà), Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, kí wọ́n dá a mọ̀, kí wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà. Láìsí nọ́ńbà náà, kò sí ẹni tó lè tún iṣẹ́ yín ṣe láti mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ẹ sá ewé náà síbi tí oòrùn kò ti ní pa á títí yóò fi máa rún lọ́wọ́. Ẹ lọ̀ ọ́, ẹ da 10 g sínú 100 mL ohun tí ẹ fẹ́ fi fà á, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún wákàtí 24, kí ẹ máa mì í. Ẹ fi bébà Whatman No. 1 sẹ́ ẹ, kí ẹ gbẹ omi rẹ̀ kúrò láìjẹ́ kí ooru kọjá 40 °C. Ohun tó bá kù ni àfàyọ. Ẹ wọ̀n ọ́n. Àṣìṣe tó ń ba ìwé ìwádìí jẹ́ jù níbí yìí ni kíkọ "100 mg/mL" nígbà tó jẹ́ pé ìwọ̀n lẹ́búlẹ́bú ewé ni wọ́n ní lọ́kàn. 10 g lẹ́búlẹ́bú lè mú àfàyọ tí kò tó 1 g jáde. Àfàyọ tó gbẹ nìkan ni kí ẹ fi ṣírò.

Omi, ẹtanọ́ọ̀lù, àbí ásítóònù? Bó bá jẹ́ àgbo inú ìkòkò ni ẹ fẹ́ dán wò, omi kò ṣeé yọ sílẹ̀, nítorí omi ni aláìsàn ń mu. Ṣùgbọ́n omi ewé máa ń bà jẹ́. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ lórí tábìlì mọ́jú, bakitéríà tirẹ̀ á ti hù nínú rẹ̀, tí kò bá sì sí ẹ̀rọ tó ń fi òtútù gbẹ nǹkan, ó ṣòro láti gbẹ. Ẹ fi asẹ́ oníhò 0.22 µm sẹ́ ẹ, ẹ má gbé e sínú ọ́tókléèfù (ìkòkò tó ń fi ooru líle pa kòkòrò). Ẹtanọ́ọ̀lù 70% ló sún mọ́ egbòogi tí wọ́n rẹ sínú ògógóró jù, ó sì ń fa ohun tó fẹ́ omi àti ohun tí kò fẹ́ omi pọ̀. Ásítóònù ni Jacobus Eloff ti Yunifásítì Pretoria gbé lárugẹ ní 1998. Ó ń tètè gbẹ, ó ń fa oríṣiríṣi nǹkan jáde, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ni bakitéríà lára nígbà ìdánwò. Bí ẹ bá lè ṣe méjì péré, ẹ ṣe ti omi àti ti ẹtanọ́ọ̀lù 70%.

Ẹ má fojú kéré ooru. Ní 1971, ìgbà tí Tu Youyou ní orílẹ̀-èdè Ṣáínà pa sísè tì, tó lo éètà tó ń hó ní bí 35 °C, ni àfàyọ Artemisia annua tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ibà jáde. Iṣẹ́ yẹn ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2015.

Kòtò inú ágà

Ọ̀nà yìí ló wọ́pọ̀ jù ní àwọn yunifásítì wa, nítorí kò béèrè ju àwo Petri, ágà àti irin tí a fi ń gbẹ́ kòtò. Ẹ po ágà Mueller-Hinton, 38 g sínú lítà omi kan, ẹ gbé e sínú ọ́tókléèfù ní 121 °C fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ jẹ́ kó tutù dé bí 45 sí 50 °C, kí ẹ da 25 mL sínú àwo onímílímítà 90. Ìyẹn ni yóò fún yín ní ágà tó nípọn tó 4 mm. Ìwọ̀n yẹn ṣe pàtàkì gan-an: bí ágà bá fẹ́lẹ́, òrùka tó mọ́ yíká kòtò á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bó bá nípọn, á kéré.

Ẹ mú ìdì kòkòrò mẹ́ta sí márùn-ún tó hù mọ́jú, ẹ pò ó sínú omi iyọ̀ 0.85%, kí ẹ fi rírú rẹ̀ wé ti McFarland 0.5. Ẹ lè ṣe ìgò afiwé yìí fúnra yín: 0.5 mL barium chloride 1.175% sínú 99.5 mL sulphuric acid 1%. Kòkòrò tó rú bẹ́ẹ̀ jẹ́ bí 1.5 × 10⁸ nínú mílílítà kan. Kí ìṣẹ́jú 15 tó pé, ẹ fi òwú orí igi fọ̀n ọ́n ká gbogbo ojú ágà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ máa yí àwo náà díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbẹ́ kòtò onímílímítà 6, mẹ́rin nínú àwo kan, kí wọ́n jìnnà síra. Ẹ bu 100 µL àfàyọ 50 mg/mL sínú kòtò kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 5 mg. Ẹ jẹ́ kó mu fún wákàtí kan kí ẹ tó gbé e sínú ínkúbétọ̀ (àpótí tó ń mú kòkòrò móoru kó lè hù), 35 °C, wákàtí 16 sí 18.

Ibi tó ti ń bàjẹ́: bí irin bá gbé ágà sókè díẹ̀ nígbà tí ẹ ń yọ ọ́, àfàyọ á sá lọ sábẹ́, òrùka á sì rí wúruwùru. Ẹ kán ágà yíyọ́ kan sí ìsàlẹ̀ kòtò kí ẹ tó bu àfàyọ sí i. Èkejì ni DMSO (dimethyl sulfoxide), tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń yọ́ àfàyọ tí kò fẹ́ omi. Bó bá le jù, òun fúnra rẹ̀ á pa kòkòrò, ẹ ó sì máa yin ewé fún iṣẹ́ DMSO. Kòtò kan gbọ́dọ̀ wà tó jẹ́ DMSO nìkan, ní ìwọ̀n kan náà gẹ́lẹ́. Ẹ rántí pé 6 mm jẹ́ kòtò fúnra rẹ̀, òfo nìyẹn.

Iná mànàmáná náà ń kó bá òrùka. Bí ínkúbétọ̀ bá kú ní òru fún wákàtí mélòó kan, kòkòrò á falẹ̀ hù, àfàyọ á ráyè rìn jìnnà, òrùka á sì tóbi. Ẹ fi tẹmómítà tó ń tọ́jú ooru tó ga jù àti èyí tó kéré jù sínú rẹ̀, kí ẹ wò ó láàárọ̀ kí ẹ tó wọn ohunkóhun.

Bébà róbótó

Iṣẹ́ tí Bauer, Kirby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ̀ jáde ní 1966 ló sọ ọ̀nà bébà di ohun tí gbogbo ilé ìwòsàn ń lò láti mọ oògùn tó ń ran kòkòrò. Ágà, McFarland àti ínkúbétọ̀ kan náà ni. Ìyàtọ̀ ni pé bébà asẹ́ onímílímítà 6 ni ẹ ó gbé àfàyọ lé. 10 µL lẹ́ẹ̀mejì láti inú 50 mg/mL máa fi 1 mg sórí bébà kan. Ẹ jẹ́ kó gbẹ láàárín méjèèjì.

Èyí tó dára jù nínú ọ̀nà yìí ni pé ẹtanọ́ọ̀lù tàbí ásítóònù á ti gbẹ lọ kí bébà tó kan ágà, wàhálà DMSO á sì kúrò. Ẹ tún lè ṣe bébà púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tọ́jú wọn sí ibi tútù tó gbẹ. Àbùkù rẹ̀ ni pé bébà ń di àwọn èròjà kan mú, kò ní tú wọn sílẹ̀, pàápàá àwọn tó fẹ́ omi. Fún ẹfinrin, gbígbẹ yẹn gan-an ni ọ̀tá: òróró á ti fò lọ kí ẹ tó gbé bébà sórí ágà.

Ọ̀nà kòtò àti ti bébà ni ẹ gbọ́dọ̀ bá oògùn tí a ti mọ̀ rìn. Bébà oògùn gentamicin 10 µg lórí E. coli ATCC 25922 (oríṣi bakitéríà tí àwọn láàbù fi ń yẹ iṣẹ́ wọn wò) gbọ́dọ̀ fún yín ní 19 sí 26 mm. Bó bá jáde ní 16 tàbí 30, ẹ da iṣẹ́ ọjọ́ yẹn nù, ì báà dùn yín.

Mílímítà kì í sọ ewé tó lágbára jù

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ dúró pẹ́. Ewé kan fún yín ní 22 mm, èkejì fún yín ní 14 mm. Ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí á kọ ọ́ pé àkọ́kọ́ lágbára ju èkejì lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ló kún inú ágà, ohun tó bá fẹ́ omi tó sì kéré á rìn jìnnà nínú rẹ̀. Èròjà ewé tó ń jẹ́ táníìnì, tó tóbi, àti òróró tí kò bá omi rẹ́ á há síbi tí ẹ gbé wọn sí. Òrùka kékeré lè jẹ́ ti ewé tó ń pa kòkòrò ní ìwọ̀n tíntín, àmọ́ tí kò lè rìn.

Ìfiwéra pẹ̀lú oògùn òyìnbó tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó kọ ọ́ pé òrùka ewé òun fẹ̀ ju ti gentamicin lọ ti gbàgbé pé 10 µg ló wà lórí bébà gentamicin, tí 5 mg, ìyẹn 5000 µg, sì wà nínú kòtò ewé. Ìlọ́po 500 nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò ṣeé ṣe láti fi òrùka kòtò wé òrùka bébà, nítorí ohun tó wà nínú kòtò tí a ṣàlàyé lókè jẹ́ ìlọ́po márùn-ún ti orí bébà.

Ẹ lo òrùka láti dáhùn ìbéèrè kan péré: ṣé nǹkan wà níbẹ̀ àbí kò sí? Bí ẹ bá fẹ́ to ewé mẹ́wàá tẹ̀lé ara wọn láti orí èyí tó lágbára jù, àwo oníhò 96 ni ẹ ń wá.

Àwo oníhò 96

Ìwọ̀n tó kéré jù tó dá kòkòrò dúró, tí àwọn oníṣẹ́ láàbù ń pè ní MIC, ni ọ̀nà yìí ń wá. Omi Mueller-Hinton tí kò ní ágà la ń lò, àfàyọ tó ń tán nínú rẹ̀ sì kéré gan-an.

Ẹ yọ́ àfàyọ sínú DMSO ní 100 mg/mL. Ẹ mú 40 µL rẹ̀ sínú 960 µL omi Mueller-Hinton, ó di 4 mg/mL. Ẹ bu 100 µL omi Mueller-Hinton lásán sínú gbogbo ihò ìlà kan, láti 1 dé 12. Ẹ bu 100 µL àfàyọ 4 mg/mL sínú ihò 1, ẹ pò ó dáadáa, ẹ gbé 100 µL láti ibẹ̀ lọ sí ihò 2, láti 2 lọ sí 3, títí dé ihò 10, kí ẹ da 100 µL tó kẹ́yìn nù. Ẹ pààrọ̀ ẹnu pípẹ́ẹ̀tì ní ihò kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó máa gbé àfàyọ líle kiri. Lẹ́yìn náà ni kòkòrò: ẹ bu omi la McFarland 0.5 ní ìlọ́po 150, kí ó di bí 10⁶ nínú mílílítà kan, ẹ sì fi 100 µL sínú ihò 1 dé 11. Kòkòrò tó wà nínú ihò kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ 5 × 10⁵ nínú mílílítà kan. Àfàyọ yóò jẹ́ 1000 µg/mL ní ihò 1, 500 ní ihò 2, 250, 125, 62.5, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé bí 2 ní ihò 10. DMSO tó pọ̀ jù, ní ihò 1, kò ju 1% lọ.

Ihò 11 jẹ́ kòkòrò láìsí àfàyọ, ó gbọ́dọ̀ hù. Ẹ jẹ́ kí DMSO 1% wà nínú rẹ̀. Ihò 12 jẹ́ omi Mueller-Hinton nìkan, kò gbọdọ̀ hù. Ẹ tún ya odindi ìlà kan sọ́tọ̀ fún àfàyọ láìsí kòkòrò. Ìlà yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń yọ sílẹ̀ nítorí àyè, bẹ́ẹ̀ òun ló ń gbani. Táníìnì máa ń bá èròjà inú omi Mueller-Hinton dì, á rú bí ẹni pé kòkòrò ló hù.

Lẹ́yìn wákàtí 16 sí 20 ní 35 °C, ojú lásán kò ní lè ka àfàyọ aláwọ̀ ewé tàbí dúdú. Àwọ̀ la ń fi kà á. INT, 40 µL láti inú 0.2 mg/mL, á di pupa níbi tí kòkòrò bá ti wà láàyè láàárín ìṣẹ́jú 30 sí wákàtí méjì. Resazurin 0.015%, 30 µL, á kúrò ní búlúù di píǹkì láàárín wákàtí 2 sí 4. Lójú tiwa, resazurin rọrùn láti kà ju INT lọ, ṣùgbọ́n bí àfàyọ yín bá pupa fúnra rẹ̀, méjèèjì á ni yín lára. Ewé tó kún fún èròjà bíi fítámì C lè yí àwọ̀ wọ̀nyí padà láìsí kòkòrò kankan níbẹ̀, ìlà àfàyọ nìkan ni yóò fi í hàn yín.

Àwọn ihò etí àwo máa ń tètè gbẹ. Ẹ fi ike bò ó, kí ẹ gbé abọ́ omi sínú ínkúbétọ̀. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọjọ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bí MIC bá sún síwájú tàbí sẹ́yìn ní ihò kan, kò sí wàhálà. Bó bá sún ní ihò mẹ́ta, ẹ yẹ kòkòrò yín wò. Ẹlẹ́rìí yín ni gentamicin: MIC rẹ̀ lórí E. coli ATCC 25922 gbọ́dọ̀ wà láàárín 0.25 sí 1 µg/mL.

Kí wá ni nọ́ńbà náà túmọ̀ sí? Òṣùwọ̀n tí Victor Kuete ti Kamẹrúùnù dábàá ní 2010 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀ lé: MIC àfàyọ tí kò tó 100 µg/mL dára gan-an, 100 sí 625 wà láàárín, èyí tó ju 625 lọ kò lágbára. Ìwé tó bá ń yọ̀ lórí MIC 50 mg/mL ń yọ̀ lórí ohun tí kò sí. Iyọ̀ oúnjẹ pàápàá á dá ọ̀pọ̀ kòkòrò dúró bó bá pọ̀ tó. Ewé tó pa kòkòrò tún lè pa ẹran ara èèyàn ní ìwọ̀n kan náà, ẹ sì gbọ́dọ̀ dán an wò lórí sẹ́ẹ̀lì bíi Vero (tí wọ́n mú láti inú kíndìnrín ọ̀bọ) kí ẹ tó sọ̀rọ̀ oògùn fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọ̀nà yòókù, ní kúkúrú

Pípo àfàyọ mọ́ ágà fúnra rẹ̀ wúlò fún àfàyọ tó dúdú jù fún àwọ̀ kankan. Ẹ pò ó sínú ágà tó ti tutù dé bí 50 °C kó tó dì, ẹ sì lè kán oríṣi kòkòrò ogún sórí àwo kan. Ó ń jẹ àfàyọ púpọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ èròjà wo nínú ewé ló ń ṣiṣẹ́, ẹ ya àfàyọ sórí pálí TLC onísílíkà (pálí tó ń pín èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀), ẹ jẹ́ kó gbẹ pátápátá, ẹ fọ́n kòkòrò lé e, kí ẹ fọ́n INT sí i lẹ́yìn náà. Ibi tí kò bá pupa ni èròjà náà wà. Nígbà míì, èròjà méjì ló jọ ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti pínyà lórí pálí, agbára á pòórá. Ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ewé náà kò dára.

Àtipa yàtọ̀ sí àtidádúró. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ mú 10 µL láti inú àwọn ihò tí kò hù (kí ẹ tó fi àwọ̀ sí i), ẹ kán an sórí ágà mímọ́. Ìwọ̀n tó kéré jù tó pa 99.9% ni MBC. Bí MBC kò bá ju ìlọ́po mẹ́rin MIC lọ, a lè sọ pé ewé náà ń pa kòkòrò.

| Ọ̀nà | Ìbéèrè tó ń dáhùn | Àfàyọ tó ń jẹ | Ibi tó ti ń ṣini lọ́nà |
|---|---|---|---|
| Kòtò | Ó wà àbí kò sí | 5 mg ní kòtò kan | DMSO, òróró, àfàyọ tó sá sábẹ́ |
| Bébà | Ó wà àbí kò sí | 1 mg ní bébà kan | Òróró tó fò lọ, ohun tí bébà dì mú |
| Oníhò 96 | Èwo ló lágbára jù | 0.4 mg ní ìlà kan | Àwọ̀ ewé, ìdì táníìnì |
| Àpòpọ̀ ágà | Èwo ló lágbára jù, lórí kòkòrò púpọ̀ | Bí 25 mg ní àwo kan, ní 1 mg/mL | Ágà tó gbóná jù nígbà pípò |
| Pálí TLC | Èròjà wo ni | Kò ju 1 mg lọ | Èròjà tó nílò ẹnìkejì |

Ewé wo, ọ̀nà wo?

Ẹfinrin: Abayomi Sofowora àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti tẹ iṣẹ́ jáde lórí rẹ̀ láti 1969. Thymol pọ̀ nínú òróró rẹ̀. Ẹ lo àwo oníhò 96 tí ẹ fi ike lẹ̀ mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ẹ fi Tween 80 díẹ̀ pa òróró pọ̀ mọ́ omi. Ẹ má fi ẹfinrin àti ewé mìíràn sínú àwo kan náà, nítorí èéfín òróró á dé ihò aládùúgbò.

Aáyù: allicin, tí Cavallito àti Bailey yọ jáde ní 1944, kì í sí nínú aáyù odindi. Ìgbà tí a bá gún un ni ó ń jáde. Ẹ gún un tútù, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10, ẹ fi omi tútù fà á, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ sì lò ó lọ́jọ́ náà. Kòtò àti oníhò 96 bá a mu. Aáyù tí wọ́n fi ooru gbẹ kò ní fi agbára rẹ̀ hàn yín.

Orin ata: kòkòrò ẹnu ni kí ẹ fi dán an wò, bíi Streptococcus mutans, kì í ṣe E. coli tó wà nínú fíríìjì yín. Kòkòrò yìí fẹ́ afẹ́fẹ́ tí CO₂ pọ̀ nínú rẹ̀. Ìkòkò tó ní ìdérí, tí ẹ tan àbẹ́là sí nínú kí ẹ tó dé e, lè ṣe é. Ẹ lo oníhò 96, kí ẹ fi omi oúnjẹ Brain Heart Infusion rọ́pò Mueller-Hinton. Àfàyọ rẹ̀ máa ń pọ́n bí ìyeyè, nítorí náà ẹ má yọ ìlà àfàyọ nìkan sílẹ̀.

Asúnwọ̀n òyìnbó: ẹ gbàgbé òrùka. Ẹ po àfàyọ mọ́ ágà Sabouraud, 65 g ní lítà kan, ẹ gbé ègé Trichophyton (olú tó ń fa làpálàpá) onímílímítà 6 sí àárín àwo, ẹ fi sí 28 °C. Ẹ wọn fífẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ keje, kí ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ti àwo tí kò ní àfàyọ, ẹ pín in pẹ̀lú ti àwo yẹn, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100: ìyẹn ni ìdá ọgọ́rùn-ún tí ewé fi dá olú dúró. Bí àwo tí kò ní àfàyọ kò bá tíì fẹ̀ dáadáa, ẹ dúró di ọjọ́ kẹwàá. Ẹ fi tépù lẹ etí àwo kí olú má fò káàkiri láàbù. Nígbà tí ẹ bá parí, gbogbo àwo, ti olú àti ti bakitéríà, gbọ́dọ̀ gba inú ọ́tókléèfù kọjá, 121 °C, ó kéré tán ìṣẹ́jú 15, kó tó dé ààtàn.